Bí a ṣe ń tẹ̀lé sáà ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan títí dé orí ife, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ẹgbẹ́ Hull Kingston Rovers, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hull KR, na Wigan ní àmì 24 sí 6 ní pápá ìṣeré Old Trafford ní ìlú Manchester, wọ́n sì di olúborí líìgì rọ́gíbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 1985. Mo wò ó lórí fóònù nínú yàrá mi ní Tánkẹ, ní Ìlọrin, ìwé àkọsílẹ̀ mi sì wà lórí itan mi. Nígbà tí mo tún ìwé náà yẹ̀ wò ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé ohun tí mo kọ ní alẹ́ yẹn kò ju ìlà mẹ́sàn-án lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ewé tí mo kọ ní ọdún kan ṣáájú, nígbà tí Wigan kan náà na wọ́n ní pápá kan náà, kún dé etí, mo tilẹ̀ tún lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ yẹn ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀lé sáà ẹgbẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, tó sì fẹ́ kí ohun tí òun kọ wúlò fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fìdí rẹmi ni kí ẹ kọ dáadáa jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ó padà sí nígbà tí wọ́n bá gba ife, tí ẹ sì ń wá ohun tó fà á.

Kí ẹ tó mú kálàmù, ẹ mọ eré náà, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò kò ní rí nǹkan kan kọ ju iye àmì lọ. Oríṣi rọ́gíbì méjì ló wà. Èyí tí agbábọ́ọ̀lù 15 ń gbá ni yúníọ̀nù. Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni líìgì, agbábọ́ọ̀lù 13 ló máa ń wà nínú pápá fún ìhà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 40 sì ni abala kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló pín wọn níyà. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà, ilé-iṣẹ́ aṣọ àti èbúté. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó àkókò náà ti lọ nìyẹn, àwọn aláṣẹ eré náà kò sì gbà kí ẹgbẹ́ san án padà fún wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láti àríwá pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì George ní ìlú Huddersfield, wọ́n sì yà kúrò lára àwọn tó kù. Ní ọdún 1906 ni wọ́n dín iye agbábọ́ọ̀lù kù sí 13. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tí mo bá ń fi ojú rẹ̀ mọ eré náà kí n tó sọ òfin kankan fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ bọ́ílà ní èbúté Hull ló dá Hull KR sílẹ̀ ní ọdún 1882, ẹni tó bá sì mọ ìyẹn kò ní bi mí léèrè ìdí tí ìlà-oòrùn ìlú náà, tó jẹ́ àdúgbò ẹgbẹ́ yìí, fi ń sunkún nítorí bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, ẹ sì mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, nítorí náà ojú ìjàkadì ni mo fi kọ́kọ́ lóye eré yìí. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù ni àwọn ọ̀tá yóò dì mú, tí wọn yóò sì gbé ṣubú. Ṣùgbọ́n níbi tí ìjàkadì tiwa ti máa ń parí nígbà tí ẹ̀yìn ẹnìkan bá kanlẹ̀, níbẹ̀ ni tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó ṣubú yóò dìde, yóò gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀, wọn yóò sì tún kọjú sí wọn. Ìgbà mẹ́fà péré ni wọ́n lè dì yín mú. Bí ìdìmú kẹfà bá pé tí ẹ kò tíì gba àmì, bọ́ọ̀lù di tàwọn ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi sábà máa ń ta bọ́ọ̀lù lọ síwájú lẹ́yìn ìdìmú karùn-ún. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù síwájú rárá. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń jù ú sí.

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti mọ gbogbo òfin lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìdìmú, ó tó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun ni mo fi kọ́ ara mi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó bá mi wò ó, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n máa kà á fún yín,” ló bá na ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń ká wọn kò lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dì wọ́n mú, nígbà tí ìka márààrún bá sì ti di ẹ̀ṣẹ́, á pariwo pé, “Wọ́n á ta á báyìí!” Kí ìsinmi àárín eré tó dé, kò sí ìgbà tó ṣì í. Ẹni tó bá ti lè ṣe èyí yóò mọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ń fi ìdìmú ṣòfò, ohun tó sì yẹ kí ó wọnú ìwé nìyẹn.

Ní ti àmì, ẹ jẹ́ kí n fi àṣekágbá Challenge Cup, ìyẹn ìdíje ife tí ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ti jáde nìyẹn, ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ní Wembley ṣàlàyé rẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí, tó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tráì ni wọ́n ń pè é, àmì 4 ni. Lẹ́yìn tráì, ẹgbẹ́ náà yóò gbìyànjú láti gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì tó dúró bíi lẹ́tà H, àmì 2 ni ìyẹn; pẹ́nárítì tí wọ́n bá gbá gba ibẹ̀ náà jẹ́ àmì 2. Bí ẹnìkan bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ kí ó tó gbá a gba ibẹ̀ nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, àmì 1 ni. Ní ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, Warrington ní àmì 6, Hull KR ní 2, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló sì kù kí eré parí. Tom Davies gba tráì, ó di 6 sí 6. Mikey Lewis wá dúró síwájú bọ́ọ̀lù náà láti ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí òpó méjèèjì ti máa ń fún lójú, ó gbá a wọlé, ó di 8 sí 6. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń retí ife ńlá kan, àmì 2 ló sì gbé e wá. Ẹ kọ irú ìṣirò báyìí sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ẹ má kàn kọ àbájáde, nítorí pé àbájáde 8 sí 6 nìkan kò lè sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé ẹ̀mí ẹgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò ṣe pàtàkì fún àwa tó wà níbí. Sáà náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, á sì parí ní oṣù Kẹwàá. Láti ìparí oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago tiwọn àti tiwa dọ́gba. Ṣáájú ìyẹn, wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú tiwọn. Eré alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá fi sí aago mẹ́jọ yóò bọ́ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kejì, ṣùgbọ́n nígbà tó bá di oṣù Karùn-ún, bí ẹ bá ti ń kúrò ní ìrun Ìṣáì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, inú ààwẹ̀ ni àwọn eré oṣù Kẹta bọ́ sí, mo sì rí i pé ìyàtọ̀ wákàtí kan yẹn ṣe mí lóore, torí pé a ti máa ń parí tàráwíì kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ gan-an, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ni wọ́n yí aago wọn padà. Àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Tánkẹ àti Gàá Àkànbí kì í fi rọ́gíbì hàn, nítorí náà fóònù ni ẹ ó gbẹ́kẹ̀ lé. Láti ọdún 2024 ni líìgì náà ti ní ìkànnì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SuperLeague+. Ẹ gba agbára sínú fóònù ní ọ̀sán, ẹ má dúró de iná NEPA.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló kù. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ elójú ewé 80 ti tó, nítorí pé eré 27 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá nínú líìgì ní ọdún 2025, tí ẹ bá sì fi eré ife àti àwọn eré ìparí kún un, ẹ ó ṣì ní àyè. Ẹ fún eré kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé méjì tó kọjú síra wọn. Ní apá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú ìròyìn: ọjọ́, ọ̀tá, pápá, àmì nígbà ìsinmi àti àmì ìparí, ipò ẹgbẹ́ lórí tábìlì, àti àwọn tí kò sí nínú ikọ̀ nítorí ìpalára. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ rò pé ẹnìkan tí kò wò ó ló jókòó tì yín tó ń béèrè. Ta ló ń sáré padà wá dìmú nígbà tó ti rẹ gbogbo èèyàn? Ìgbà wo ni wọ́n sọ bọ́ọ̀lù nù nígbà tí wọ́n ti sún mọ́ ìlà? Kí ni wọ́n ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn?

Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Mo fi ẹnu ara mi sọ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Hull KR àti Leigh pàdé nínú àṣekágbá Challenge Cup, ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pa ìwé náà dé, tí n kò sì kọ nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo wá kọ ọ́, mo kọ ọ́ pé Leigh ló ń ṣáájú títí wọ́n fi borí. Irọ́ ni. Matt Parcell gba tráì nígbà tí eré ti fẹ́ parí, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lẹ́yìn tráì náà wọlé, ó di 16 sí 16, àfikún àkókò ni Lachlan Lam sì ti gba àmì 1 tó fún Leigh ní ife náà ní 17 sí 16. Ìbànújẹ́ ti pa apá tó dára nínú ìtàn náà rẹ́ lọ́kàn mi láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo fi bíírò pupa kọ òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lè mọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ wá mọ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ fi ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú sáà, nítorí pé kò sí ife kan tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún tí wọ́n gbà á. Èyí ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ti Hull KR lọ báyìí nínú ìwé mi. Ní ọdún 1980, wọ́n pàdé Hull FC, ìyẹn ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ìlú kan náà, nínú àṣekágbá ní Wembley, wọ́n sì na wọ́n ní 10 sí 5. Ìlú náà ṣófo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan fi gbé àkọlé kan sí ẹ̀bá títì pé kí ẹni tó bá jáde kẹ́yìn pa iná. Ní ọdún 1985, wọ́n gba líìgì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní ọdún 2015, Leeds nà wọ́n ní 50 sí 0 nínú àṣekágbá Challenge Cup. Ní ọdún 2016, nínú eré tí yóò pinnu ẹni tó máa kúrò ní líìgì àgbà, wọ́n ń ṣáájú Salford pẹ̀lú àmì 8 nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Salford gba tráì méjì, ó di 18 sí 18, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì nínú àfikún àkókò ló borí, Gareth O'Brien ta bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, ó gba àárín òpó wọlé, Hull KR já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Ní ọdún 2020, àwọn ló wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn kò lé ẹgbẹ́ kankan kúrò ní ọdún àrùn Kòrónà. Willie Peters dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá fún sáà 2023. Leigh gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọdún yẹn, Wigan sì nà wọ́n ní 9 sí 2 ní Old Trafford ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2024.

Ojú ewé 9 sí 2 yẹn ni mo sọ pé ó kún dé etí. Ní apá ọ̀tún, mo kọ ọ́ pé Hull KR kò gba tráì kankan, pẹ́nárítì kan ṣoṣo ni àmì wọn. Pé tráì kan ṣoṣo ni Wigan náà gbà, Bevan French ló sì gbà á. Pé kì í ṣe agbára ni Wigan fi jù wọ́n lọ bí kò ṣe sùúrù, torí pé Wigan kì í kánjú nígbà tí ìdìmú bá ti di mẹ́rin. Mo fi ìlà méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà “sùúrù”. Wigan ọdún yẹn gba gbogbo ife mẹ́rin tó wà nílẹ̀, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú kí wọ́n na ènìyàn. Nígbà tí sáà 2025 bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ ni mo ń wá nínú eré gbogbo, mo sì rí i ní Wembley, nígbà tí Hull KR wà lẹ́yìn títí dé ìṣẹ́jú tó kù díẹ̀ tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù kiri bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ká ní mi ò kọ ti ọdún 2024 dáadáa ni, mi ò bá má mọ ohun tí mo ń wá.

Bí ẹ bá ń sọ ìtàn náà fún àwọn ará ilé, ẹ ṣọ́ra fún ibi tí rọ́gíbì kò ti jọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù wa, ẹni tó bá wà lókè tábìlì nígbà tí eré parí ló ni ife. Níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá wà lókè yóò gba League Leaders' Shield, ṣùgbọ́n kò tíì di olúborí. Ẹgbẹ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ yóò tún kojú ara wọn, ẹni kìíní àti ẹni kejì yóò sinmi dúró de àwọn tó kù, títí yóò fi ku méjì tí wọn yóò pàdé nínú Grand Final. Ọdún 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Grand Final yìí. Leeds wà ní ipò karùn-ún ní ọdún 2011, wọ́n sì gba adé. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ipò karùn-ún ní ọdún 2012. Nítorí náà, nígbà tí Hull KR wà ní ipò kìíní ní ọdún 2025, mo kìlọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó má tíì jó. Wọ́n na St Helens kí wọ́n tó tún rí Wigan, ìgbà náà ni ife mẹ́ta pé sí wọn lọ́wọ́ nínú sáà kan: Challenge Cup, Shield àti Grand Final.

Ohun tí wọn yóò tètè lóye ni ìdúró pípẹ́. Ní Ìlọrin, ẹ sáà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n rántí bí ó ti rí nígbà tí Kwara United gba ife Federation Cup fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 kan náà. Ẹni tó wà ní ìgboro lọ́jọ́ yẹn kò nílò àlàyé púpọ̀ nípa àwọn ará ìlà-oòrùn Hull. Bí ẹnìkan bá sì ní eré òyìnbó ni, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé Martin Offiah, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba tráì 10 fún Wigan nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Leeds ní ọdún 1992, pé ó wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n gbẹ́ ère wọn sí Wembley, àti pé ikọ̀ rọ́gíbì líìgì Nàìjíríà gba ife ẹkùn Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ní Èkó ní ọdún 2019.

Ní alẹ́ àṣekágbá fúnra rẹ̀, ẹ má kọ nǹkan púpọ̀. Ẹ wo eré náà. Ìlà mẹ́sàn-án tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ tó mi: àmì, ọjọ́, orúkọ balógun ikọ̀, Elliot Minchella, tó gbé ife náà sókè, àti pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ka ìdìmú mọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kàn di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú sí àyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó jẹun, ẹ padà sí ojú ewé ọjọ́ tí wọ́n pàdánù ní ọdún tó ṣáájú, kí ẹ sì fi bíírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti kọ síbẹ̀ bóyá wọ́n tún un ṣe tàbí wọn kò tún un ṣe. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìwé mìíràn, ẹ kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń kúrò sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ sì fi ojú ewé mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ ní òfìfo títí di oṣù Kejì.